Òkúta Ìrántí fún Àwọn Ọmọ Wa tí Wọ́n Kọ́ Ogun Òfurufú, àti fún Àwọn tí Wọ́n Ràn Wọ́n Lọ́wọ́

Ní ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, itẹ́ òkú kan wà tí à ń pè ní Haycombe. Níbẹ̀ ni a sin ọmọ Èkó kan sí, Adeniyi Thomas, ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Peter. Ní ọdún 1942 ni ó di awakọ̀ òfurufú ogun, tí a sì fi í jẹ oyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan tí ó ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ péré kí ogun náà parí, ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú. Arábìnrin rẹ̀ ni Stella Thomas, ẹni tí ó di agbẹjọ́rò obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1933, tí a sì fi jẹ adájọ́ ní 1943. Àwọn tí ń kọ́ ìwé òfin lọ́dọ̀ wa mọ orúkọ arábìnrin náà dáradára. Ẹ béèrè orúkọ arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé mẹ́wàá ní Èkó, kí ẹ sì wo iye tí yóò dá yín lóhùn.

Àwọn bàbá wa ní àṣà kan tí àwọn àgbà tí ń ka ìwé yìí kò ní ṣàì mọ̀. Bí ènìyàn bá kú sí ìrìn-àjò, tí ọ̀nà sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè gbé òkú rẹ̀ wálé, a ó gé díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀ àti nínú èékánná rẹ̀, a ó dì í sínú aṣọ funfun, a ó sì gbé e wá sí ilé bàbá rẹ̀, kí a sin ín níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ètò tí ó yẹ fún un. Títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí kò gbà pé àwọn ti sin òkú wọn. Ìjọba tí àwọn ọmọ wa wọ̀nyí sìn ní àṣà mìíràn: ibi tí ọmọ ogun bá kú sí, tàbí ibi tí ó sún mọ́ ọn, ni a ń sin ín sí. Àwa kò bá wọn jà lórí èyí. Sàréè wọn mọ́, koríko rẹ̀ ní gígé, òkúta tí ó wà lórí ọ̀gágun kò sì ga ju ti ọmọ ogun lásán lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìdálẹ̀ wà ní ìdálẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọ̀rọ̀ wa òní ni pé kí a gbé òkúta kan dúró ní ilé, ní ilẹ̀ Yorùbá, tí yóò wà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú wa ní ipò irun àti èékánná náà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, òfin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí a ó fi jẹ oyè nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ òyìnbó láti ìhà bàbá àti láti ìhà ìyá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni a gbé òfin yìí sí apá kan, a sì sọ pé nítorí ìgbà ogun nìkan ni. Ogun ni ó ṣí ìlẹ̀kùn náà, ìfẹ́ kọ́. Àwọn ọmọ wa gba ẹnu ìlẹ̀kùn náà wọlé bí wọ́n ti rí i, láìdúró bi ẹni tí ó ṣí i léèrè ìdí rẹ̀. Bankole Vivour kọjá níbẹ̀, ó wọ ọkọ̀ òfurufú tí ń ju bọ́ǹbù, kò sì bọ̀ láti ilẹ̀ Jámánì ní oṣù Kẹta ọdún 1944. Akin Shenbanjo kọjá níbẹ̀, ó sì bá Ẹgbẹ́ 76 fò. Àwọn òyìnbó tí ó ń bá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà kọ ọ́ sí ara ọkọ̀ wọn ní èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì pé kí ọ̀tá ṣọ́ra, Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Láti Freetown, láàrin àwọn Sàró tí wọ́n jẹ́ ẹbí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, Johnny Smythe lọ, ó di afọ̀nàhàn ọkọ̀, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943, ó sì lo ìyókù ogun náà ní àhámọ́ àwọn ará Jámánì. Nígbà tí ó ṣe, ó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sierra Leone.

Iṣẹ́ tí wọ́n lọ kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní oṣù kan. Wọ́n kọ́ ìṣirò, wọ́n kọ́ bí a ti ń ka àwòrán ilẹ̀ àti bí a ti ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà, wọ́n kọ́ bí a ti ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tí kò ní okùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gun ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú olùkọ́, kí wọ́n tó gun ti ńlá láìsí olùkọ́. Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ń pa ènìyàn. Nínú àwọn 55,573 tí wọ́n kú nínú ẹ̀ka tí ń ju bọ́ǹbù, àwọn tí ó lé ní 8,000 ni ó kú sínú ẹ̀kọ́ àti sínú ìjàm̀bá, láìjẹ́ pé ọ̀tá fi ọwọ́ kàn wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrántí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ẹni tí ó kú nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò jagun. Ó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti fi ọwọ́ sí ìwé.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá nìkan fò. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1941 ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Hawkinge, ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọjú sí ilẹ̀ Faransé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ọkọ̀ Spitfire ṣọ́ ojú omi náà. Ẹgbẹ́ 91 ni nọ́ńbà rẹ̀, Nigeria sì ni orúkọ tí a fún un, nítorí owó tí ilẹ̀ wa dá fún ogun náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn ní 1944, nígbà tí Hitler ń rán bọ́ǹbù tí ń dá fò láìní awakọ̀ sí London, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń já wọn bọ́ kí wọ́n tó dé orí ilé àwọn ènìyàn. Ní 1947 a pa nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà dà, orúkọ náà sì bá a lọ.

Ta ni ó dá owó náà? Àwọn ọba àti ìjòyè dá a, òótọ́ ni, a sì ka orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀-kọ́bọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn akọ̀wé àti àwọn olójà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí ìwé ìròyìn tí ó ní àyè tó láti ka ti wọn. Nígbà tí Malaya bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan ní 1942, tí epo àti rọ́bà ibẹ̀ sì dẹ́kun, ọ̀dọ̀ wa ni a yíjú sí. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé jókòó sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń fi òkúta pa èkùrọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. A kò lè fi ojú ríran àárín èkùrọ́ tí a pa ní Ìjẹ̀bú àti ọkọ̀ tí ń fò lókè London, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà láàrin wọn, ọ̀nà náà kò sì gùn bí a ti rò.

Ọ̀nà mìíràn tilẹ̀ wà tí a lè fi ojú rí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940 ni a ti ń kó ọkọ̀ òfurufú nínú àpótí wá sí Takoradi ní Gold Coast ìgbà náà, tí à ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fò kọjá Èkó àti Kano lọ sí Khartoum àti Cairo, níbi tí ogun ti gbóná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó gba ọ̀nà yìí. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí gbogbo ayé ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀ lónìí, ìgbà ogun yẹn ni a kọ́kọ́ là á. Àwọn ọmọ wa wà ní irú pápá bẹ́ẹ̀ nínú aṣọ ogun, nínú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti máa ran àwọn ọmọ ogun òfurufú lọ́wọ́ lórí ilẹ̀: wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń bu epo, wọ́n ń ṣọ́nà, wọ́n ń kọ̀wé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rí òkè láti inú ọkọ̀ tí ó ń bu epo sí. Ẹni tí kò bá ka irú wọn mọ́ àwọn tí ó jagun òfurufú, àfi kí ó sọ fún wa bí ọkọ̀ kan ti lè fò láìní epo.

A kò sì gbọdọ̀ pa ẹnu mọ́ lórí àwọn tí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkérora. Ìjọba fi iye sí gàrí àti oúnjẹ ní Èkó nígbà ogun, iye tí àwọn olójà kò lè fi tà kí wọ́n sì jẹun. Pullen ni orúkọ òyìnbó tí a fi ṣe alábòójútó rẹ̀, ẹnu àwọn obìnrin ọjà kò sì kúrò lára orúkọ náà títí ogun fi parí. Alimotu Pelewura, olórí wọn, kọ̀ fún ìjọba ní gbangba, kò sì yí ohùn padà títí a fi ká ètò náà kúrò ní 1945. Àwọn kan lè wí pé ọ̀tá ogun ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Àwa kò gbà. Ẹni tí ó ru ẹrù tí ó sì ń pariwo pé ẹrù náà wúwo, òun náà ni ó ru ú. Bí a bá gbé òkúta kan dúró tí ó ń yin ìfarajìn àwọn ará ìlú, tí kò sì sọ ohun tí ìfarajìn náà gbà lọ́wọ́ wọn, irọ́ ni òkúta náà yóò máa pa fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe, kí a má ṣe rò pé nǹkan àjèjì ni à ń béèrè. Ìlú kékeré kan wà ní Texas, ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Terrell. Ní 1941 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ní ìwakọ̀ òfurufú, nítorí pé ojú ọ̀run ilẹ̀ tiwọn kún fún ìkùukùu àti fún ọ̀tá. Àwọn tí ó kọjá níbẹ̀ kí ogun tó parí lé ní 2,000. Ogún nínú wọn kò padà sílé. Itẹ́ òkú ìlú Terrell ni wọ́n sùn sí. Àwọn ará ìlú tí ń gba àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ilé wọn ní ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ, kò fi sàréè wọn sílẹ̀ fún igbó. Títí di òní, ilé ìkóhun-ìrántí wà nínú ìlú náà fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò sì mọ orúkọ ìlú Terrell pẹ̀lú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ní Tuskegee, ní Alabama, ọ̀rọ̀ náà tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ ìran Áfíríkà ni wọ́n. Àwọn 992 ni ó di awakọ̀ òfurufú ogun láti ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ láàrin 1941 àti 1946, ní orílẹ̀-èdè tí kò jẹ́ kí wọ́n bá òyìnbó jókòó jẹun. Ní 1998 ni ìjọba Amẹ́ríkà sọ pápá ọkọ̀ òfurufú wọn di ibi ìrántí ti orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó wù wá jù nínú ọ̀ràn Tuskegee ni èyí: nígbà tí àwọn àgbà ibẹ̀ bá ń pe orúkọ ẹgbẹ́ wọn, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹni tí ó ká aṣọ tí awakọ̀ fi ń bọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, nọ́ọ̀sì, alásè, akọ̀wé, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wọn ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ní London pàápàá, ní Brixton, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń gbé, a ṣí òkúta ìrántí kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 fún àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti Karibíànì tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jagun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń kọ wá lóminú pé ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí London kí ó tó rí òkúta tí ó ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà.

Àwọn kan yóò dìde wí fún wa pé ogun òyìnbó ni ogun náà, pé àwọn tí ó ń jẹ gàba lé wa lórí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ gbà sílẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ tí ó ń gbé àṣà Yorùbá ga kò gbọdọ̀ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, a kò sì fi ojú kékeré wò ó. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ kò tíì wo òfin tí ó wà ṣáájú 1939. Òfin náà ń sọ pé ọmọ dúdú kò lè di ọ̀gá lórí ohun tí ń fò. Kò sí ìwé tí a lè kọ, kò sí àṣòyé tí a lè ṣe ní gbọ̀ngàn Glover, tí ó lè fọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ tó bí ọmọ Èkó kan ti jókòó sínú ọkọ̀ náà tí ó sì wà á. Àwọn tí wọ́n padà wálé láti inú ogun náà kò tún lè gbà mọ́ pé òyìnbó ni Ọlọ́run yàn láti máa pàṣẹ. Ọdún 15 ni ó wà láàrin ìparí ogun ní 1945 àti òmìnira wa ní 1960.

Àwọn mìíràn yóò béèrè pé kí ni ó dé tí a fi ń sọ ti òfurufú nìkan, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 jà nínú igbó Burma. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a gbàgbé Burma. Ṣùgbọ́n àwọn ti Burma jagun lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ wa; ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní wà fún wọn lọ́dọọdún, a sì ń fi òdòdó lélẹ̀ fún wọn ní pápá Tafawa Balewa. Inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ àwọn ti òfurufú sí, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ òyìnbó, ẹni tí kò bá sì mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀ kò lè rí wọn níbẹ̀.

Èyí mú wa dé ọ̀ràn orúkọ, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wa tẹ̀ jù. Àwọn àgbà Èkó rántí Sójà Ìdúmọ̀tà, ère ọmọ ogun àti ère aláàárù, tí a gbé dúró fún ogun ti 1914 sí 1918, tí a sì ti gbé kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ère tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ni aláàárù náà? Ọmọ ìlú wo ni? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ń tọ́jú sàréè ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, ní ti ogun àkọ́kọ́ náà, àwọn tí kò dín ní 116,000, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan, àti pé wọ́n lè tó 350,000. Ojú ẹ̀yà ni a fi wò wọ́n. A gbé ère kan dúró fún gbogbo wọn, a sì rò pé ó tó. Ní ilẹ̀ tí a ti ń ki ọmọ láti orí ìran rẹ̀, tí a kì í pe ènìyàn ní "aláàárù" lásán bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ rẹlẹ̀ tó, ìwà yìí yẹ kí ó dùn wá ju bí ó ti dun ẹnikẹ́ni lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ère ni à ń béèrè. Ère ń wó, ìjọba sì ń ṣí i nípò. Orúkọ ni a fẹ́, lórí òkúta líle, ní ìtòsí pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà níbi tí arìnrìn-àjò yóò ti rí i. Kí a kọ orúkọ àwọn tí wọ́n kú, kí a kọ ti àwọn tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú, láìbéèrè bóyá Yorùbá ni wọ́n tàbí Ìgbò tàbí Sàró, nítorí pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ní ìsàlẹ̀ wọn, kí a kọ orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n dá owó, àti iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́: àgbẹ̀, olójà, apèkùrọ́, òṣìṣẹ́ pápá. Èdè Yorùbá ni kí a kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí àwọn èdè yòókù tẹ̀lé e. Kí ìwé kan sì bá òkúta náà rìn, tí a ó tẹ̀, tí a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí gbogbo ilé-ìwé gíga tí ó wà ní agbègbè wa, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá wó òkúta náà lulẹ̀, ìwé yóò wà tí a ó fi tún un kọ.

Iṣẹ́ náà kò pọ̀ ju agbára wa lọ. Àkọsílẹ̀ ìjọba ìgbà náà wà ní Ibàdàn, ní ilé ìpamọ́ ìwé tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì. Ẹni méjì tí ó ní sùúrù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn fáìlì ẹkùn kọ̀ọ̀kan láti wá ìlú tí ó dá owó àti iye tí ó dá. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ohun tí ń bẹ lọ́wọ́ yín ni ìwé tí àwọn tí ó wà lórí oyè ṣáájú yín gbà lọ́wọ́ Resident ní ìdúpẹ́ fún owó ogun. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ń bẹ nínú àpótí ní ààfin, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí bàbá yín bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Takoradi, ẹ wo inú àpò ìwé wọn bóyá fọ́tò tàbí ìwé ìdásílẹ̀ wà níbẹ̀.

Kí ẹni tí ó bá rí ohunkóhun kọ ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé. A ó ka orúkọ tí ó bá wọlé sókè ní ìpàdé náà, a ó sì yan àwọn tí yóò gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkẹjà lọ bá ìjọba.